"Tuntun" wo lẹ ń tà fún wa?

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ń ta fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni wọ́n ń pè ní tuntun gan-an? Mo ra iPhone kan lóṣù tó kọjá, "tuntun" ni wọ́n kọ gàdàgbà, páálí ẹ̀ ń dán, ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀, àfìgbà tọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á tó wọ sẹ́tìn lọ wo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ẹ̀, ó ní "Àǹtí, F ló fi bẹ̀rẹ̀ o". M ni ti tuntun, F lèyí tí wọ́n tún ṣe. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní kò sẹ́ni tó tíì lò ó ní Nàìjíríà, torí náà tuntun ni! Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, ṣáà ti ní kí wọ́n máa sọ ọ́ tọ́jà bá jẹ́ àlòkù. Èmi ò bá tòkunbọ̀ jà o, fíríìjì mi gan-an tòkunbọ̀ ni, kò sì yọ mí lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí n lè mọ iye tí màá ná an.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn