Ìlú kì í sá lọ: ẹ jẹ́ kí aago ara kọ́kọ́ balẹ̀

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Nígbàkígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń súnmọ́, ìmọ̀ràn ìrìn-àjò kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn: irú báàgì tó yẹ ní gbígbé, bí a ṣe ń ṣẹ́ owó, àwọn ibi tí ojú ò gbọdọ̀ má rí. Oorun ni wọn kì í fẹ́ẹ́ mẹ́nu bà. Bí wọ́n bá sì mẹ́nu bà á, gbólóhùn kan náà ni: ẹ má sùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ sì jáde sóòrùn ní kùtù hàì ọjọ́ kejì. Ìmọ̀ràn yìí ń gbe àwọn kan, ó sì ń ba odindi ọ̀sẹ̀ jẹ́ mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́, nítorí kò béèrè apá ibi tí ìdílé náà ti ń bọ̀, kò sì béèrè iye wákàtí tó wà láàárín aago ilé wọn àti ti ìlú tí wọ́n dé. Ìbéèrè méjì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi ṣíwájú.

Ohun tí wọ́n ń pè ní jet lag, ìyẹn kí aago inú ara má tíì bá aago ìlú tí a dé mu, yàtọ̀ sí kó kàn máa rẹni. Ẹni tó wọ bàálù láti Paris lọ sí Johannesburg á lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ lójú òfurufú, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà ooru ilẹ̀ Yúróòpù, ohun kan náà ni aago ìlú méjèèjì ń sọ. Ara á ro ó, ẹsẹ̀ lè wú, ṣùgbọ́n bó bá ti sùn mọ́jú, ó parí. Àríwá sí gúúsù nìyẹn. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni wàhálà wà. Dígírì 15 ni ayé fi ń yí ní wákàtí kan. Bàálù lè sọdá 90 dígírì, ìyẹn ìyàtọ̀ wákàtí mẹ́fà, láàárín òru kan, àmọ́ aago tó wà nínú ọpọlọ kì í bá a sáré. Ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni aago náà, wọ́n tó nǹkan bí 20,000, wọ́n jókòó sókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti kọjá lára ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló fi ń mọ ohun tí aago wí. Lójúmọ́ kan, nǹkan bíi wákàtí kan ló ń lè sún bó bá jẹ́ ìlà-oòrùn la lọ, tàbí wákàtí kan ààbọ̀ bó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Ìdí tí ìwọ̀-oòrùn fi rọrùn jù ni pé aago ọ̀pọ̀ èèyàn gùn díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ látilẹ̀; kí á pẹ́ sùn bá a lára mu ju kí á tètè sùn lọ.

Èyí tó tún dá kún un ni pé aago ọpọlọ kò dá wà. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀, ìfun ní tirẹ̀, àsìkò oúnjẹ ló sì ń darí àwọn yẹn ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ṣe lára eṣinṣin èso, tó fi hàn bí aago yìí ṣe ń yí nínú sẹ́ẹ̀lì, ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2017. Nínú ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bó ṣe ń hàn ni pé ọmọ á jí láago mẹ́ta òru, ebi á máa pa á bí ẹni pé ọ̀sán ni, bàbá rẹ̀ ò sì tíì mọ ibi tí òun wà. Ọmọ náà kò ya ìpáǹle. Inú rẹ̀ ń sọ òótọ́ ibi tó ti wá ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìmọ́lẹ̀ yìí. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí èèyàn sábà máa ń jí, ara máa ń tutù ju ìgbà yòówù lọ. Ẹ fi àkókò yẹn ṣe ààlà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ojú kí ààlà tó kò á ti aago ara sẹ́yìn, a ó máa pẹ́ sùn, a ó máa pẹ́ jí. Èyí tó bá dé ojú lẹ́yìn ààlà á fà á síwájú, a ó tètè sùn, a ó tètè jí. Ẹni tó lọ sí ìlà-oòrùn ń fẹ́ kó wá síwájú. Ẹni tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń fẹ́ kó padà sẹ́yìn.

Ẹ mú ìdílé kan tó máa ń jí láago mẹ́fà. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni ààlà tiwọn. Wọ́n wá fò lọ sí ìlú kan tí aago rẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú ti ilé. Níbẹ̀, aago méjìlá ọ̀sán gangan ni ààlà yẹn bọ́ sí. Bàálù balẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ju ẹrù sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí ìgboro láago mẹ́jọ kí oòrùn lè là wọ́n lójú. Ní ti ara wọn, aago méjìlá òru ni. Oòrùn yẹn á ti aago wọn sẹ́yìn, wọ́n á wá jìnnà sí aago ìlú ju bí wọ́n ṣe dé lọ, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé ọjọ́ kẹrin rèé, ojú àwọn ṣì ń là kalẹ̀ lóru. Awò dúdú ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú. Kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun díẹ̀, kí wọ́n máa rọra ṣe nǹkan nínú ilé, kí wọ́n wá jáde láago méjìlá, kí wọ́n sì wà níta títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lè jáde láago mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kẹta, aago mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa fi wákàtí kọ̀ọ̀kan sún un títí oòrùn àárọ̀ á fi di tiwọn. Bó bá jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ìyàtọ̀ náà, aago méje tàbí mẹ́jọ àárọ̀ ni ààlà bọ́ sí, ìmọ̀ràn pé kí wọ́n jáde sóòrùn àárọ̀ sì tọ̀nà fún wọn, bí wọ́n bá ṣáà ti lè dúró di ẹ̀yìn ìgbà náà.

Ká ní ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fò lọ ńkọ́, tí ìyàtọ̀ sì jẹ́ wákàtí mẹ́fà? Ààlà wọn di aago mẹ́wàá alẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oògùn tiwọn: kí wọ́n wà níta títí oòrùn á fi wọ̀, bí ìpéǹpéjú tilẹ̀ ń wúwo. Kùtùkùtù ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, torí pé aago mẹ́ta òru níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni lára wọn.

Iná inú ilé kì í ṣe ẹgbẹ́ ìta o. Lux la fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Yàrá tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀ kì í sábà ju 500 lux lọ, nígbà tí ìta lọ́sàn-án, bí kùrukùrù tilẹ̀ bojú ọ̀run, lè tó 10,000, oòrùn tó mú gan-an sì lè tó 100,000. Ẹni tó bá fi ọ̀sán àkọ́kọ́ rìn káàkiri inú ilé ìtajà ńlá tàbí ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìrìn ló rìn, kò rí ìmọ́lẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ ni kí ẹ wá, tàbí etí odò, tàbí ọjà ìta gbangba.

Ní ti ọmọ tó jí lóru, ìrọ̀lẹ́ la ti ń múra sílẹ̀ dè é. Aṣọ fèrèsé yàrá àlejò kì í sábà pàdé dáadáa láàárín, ibẹ̀ ni iná òpópónà ń gbà wọlé. Ẹ fi pẹ́ẹ́gì tí wọ́n fi ń sáṣọ há etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ gbé iná kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má ba ojú mu, kí ẹnikẹ́ni má sì tan ti òkè àjà tàbí ti ilé ìwẹ̀, torí ti ilé ìwẹ̀ ló máa ń funfun jù. Ẹ ra oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi sílẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù tó tì, nítorí kò sí ibi tó máa ṣí láago mẹ́ta òru. Ọmọ jí, ó jẹ díẹ̀, ó ya àwòrán lábẹ́ iná kékeré, ó padà dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe gbé fóònù fún un. Yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ bá ti mọ̀ pé fídíò wà láago mẹ́ta, á jí lọ́la náà láti wá a. Bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má ṣe tẹ́ wọn sójú kan náà. Kí ẹni tó máa ń tètè jí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á jí gbogbo wọn.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò tíì ní aago tó fìdí múlẹ̀. Ọmú rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Àwọn òbí rẹ̀ ni jet lag ń ṣe. Àwọn òbí yìí gan-an ló sì yẹ ká kìlọ̀ fún: ẹni tí oorun ti ń gbé lọ kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ sáyà lórí àga onítìmùtìmù. Bí òbí bá sùn lọ, ọmọ lè rá sí àárín àga, kí èémí rẹ̀ má lè jáde. Ẹ gbé e sórí ibùsùn tirẹ̀, kí ó dojú kọ òkè.

Oorun ọ̀sán kì í ṣe èèwọ̀, gígùn rẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n. Ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó àgbàlagbà. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oorun á wọra, ẹni tí wọ́n bá sì jí nínú rẹ̀ á dàbí ẹni tó mutí. Ọmọ kékeré tó ti ń sùn lọ́sàn-án nílé lè sùn tó wákàtí kan ààbọ̀, kí ó ti jí kí aago mẹ́ta ọ̀sán ìlú yẹn tó lù. Inú kẹ̀kẹ́ ọmọ ni mo fara mọ́ ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ, torí pé àgbà tó bá bá ọmọ dùbúlẹ̀ ní yàrá tó ṣókùnkùn, alẹ́ ni àwọn méjèèjì máa jí. Ẹ lo aago ìdágìrì méjì, kí ọ̀kan wà níbi tí ọwọ́ ò ti lè tó o láìdìde. Bí ọmọ bá jí, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó sọ pé kó wọ bàtà. Ẹkún orí àtẹ̀gùn tí gbogbo èèyàn mọ̀ yẹn, ìkánjú ló ń fà á.

Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í fúnni ní yàrá títí di ọ̀sán, nítorí náà kí ẹ ti kọ̀wé ṣáájú láti béèrè bóyá wọ́n lè gbà yín láàárọ̀, pàápàá bí ìṣírò òkè yìí bá ní kí ẹ wà nínú òkùnkùn. Aṣọ ìpààrọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa bá yín tọ́jú. Ibi kan ṣoṣo lẹ máa lọ, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìwọ ọkọ̀. Ẹ má yá mọ́tò wà lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì ń sọdá títì, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, torí pé ojú tí kò sùn máa ń wo apá ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀ nílé, kì í ṣe níbí.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó ní wákàtí lára, ọjọ́ kẹta ni kí ẹ rà á sí, kí ẹ sì mú wákàtí tí ara mọ̀. Ẹni tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àárọ̀ ló ta jù. Eré alẹ́ tí ẹ bá sanwó rẹ̀, orí àga lọ́hùn-ún lọmọ á sùn sí. Ẹni tó lọ sí ìlà-oòrùn, ọ̀sán ló sàn fún un. Owó tí ẹ bá fi ra ìrìn-kiri aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ti dà á nù.

Kọfí dára láàárọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára, nítorí náà ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́sàn-án. Ọtí ń gbé oorun wá, kì í jẹ́ kó pẹ́. Oògùn melatonin (èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú), 0.5 sí 5 mg nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní ìlú tí a dé, lè ran àgbàlagbà tó lọ sí ìlà-oòrùn lọ́wọ́. Bí a bá lò ó ní wákàtí tí kò yẹ, á ti aago síbi tí a ò fẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọn kì í tà á láìsí ìwé dókítà. Ẹ má ṣe bu ti àgbà fún ọmọ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ti ṣètò wákàtí rẹ̀ pẹ̀lú dókítà kó tó wọ bàálù.

Ìpadàbọ̀ lèèyàn púpọ̀ kì í kà mọ́ ọn. Ìdílé tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn ti jẹ èyí tó rọrùn tán. Ìlà-oòrùn ni wọ́n ń padà sí, àwọn ọmọ á sì máa tògbé ní kíláàsì fún ọjọ́ mélòó kan. Bí iléèwé bá ń wọlé lọ́jọ́ Ajé, tíkẹ́ẹ̀tì Ọjọ́bọ̀ sàn ju ti alẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ, kódà bí ti ọjọ́ Àìkú bá fi díẹ̀ dínwó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín