Má Tíì Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun fún Bàbá

Mákùn, Ṣàgámù,
Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2026.

Dámilọ́lá, ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ọ̀hún o, o sì kú iṣẹ́. Ara Bàbá yá, ara Màmá náà le. Ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an ní Rẹ́mọ, ètè gbogbo wa ti bó, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Mo ní kí n tètè kọ̀wé sí ọ kí o tó fi owó laptop tí o sọ yẹn ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, dá a dúró ná. Èyí tí o rà fún Bàbá ní 2015 kò tíì kú. Hard disk inú rẹ̀, ibi tí ó ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló ti rẹ̀.

Ìwọ náà gbọ́ ohun tí Bàbá sọ lórí fóònù. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, wọ́n á lọ wẹ̀, wọ́n á jẹun tán, kò ní tíì ṣe tán. Bí wọ́n bá wá ṣí ìwé ìtàn ìdílé tí wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò ní hàn títí yóò fi wu ẹ̀rọ. Ó dùn mí, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé yẹn, n ò mọ ẹlòmíràn tó tún mọ̀ ọ́n ní agboolé yín.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager tó ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn ṣí, mo sì jókòó tì í. CPU ò kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ Disk wà ní 100%, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà jókòó lásán, disk ló ń dúró dè. Hard disk bẹ́ẹ̀, àwo ló ń yí nínú rẹ̀, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, tí apá kékeré kan sì ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá nǹkan. Fáìlì kéékèèké lọ́pọ̀ yanturu ni Windows sì máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ìgbà tí a rán ẹnì kan lọ ṣa obì wá ní Sábó, tí ẹyọ obì kọ̀ọ̀kan sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní igun ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kó máa sáré títí, ilẹ̀ á ṣú bá a. SSD, irú disk tuntun tí wọ́n fi ń rọ́pò hard disk, ò ní ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀. Ibi tí hard disk ti ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá láti wá nǹkan kan rí, SSD kì í lo tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Iná wa náà wà níbẹ̀. Bátìrì laptop yẹn ti kú tipẹ́, nítorí náà bí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, ẹ̀rọ á kú pẹ́ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera disk wò, yẹ hard disk náà wò, "Caution" ló kọ síbẹ̀: àwọn ibì kan lójú àwo náà ti ń bàjẹ́. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo kó gbogbo ìwé Bàbá sórí flash méjì. Ẹ̀rọ ṣeé rà, ìwé yẹn ò ṣeé rà.

Àwọn èyí tí kì í gbowó, mo kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Ẹni tó bá wọn wò ó tẹ́lẹ̀ kó antivirus (ètò tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà) méjì sí i, tí méjèèjì ń yẹ fáìlì kan náà wò. Mo yọ méjèèjì, Defender tó bá Windows wá tó wọn. Mo lọ sí Startup, mo pa àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Ó fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ n ò ní tàn ọ́, díẹ̀ náà ni.

Ni mo bá ní kí wọ́n bá mi ra SSD 256GB bọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà. Mo fi Clonezilla, ètò tó ń da disk kọ, da gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ kọ sórí tuntun, Bàbá ò pàdánù kódà àwòrán kan. Nígbà tí mo tú ìdí ẹ̀rọ, eruku ti dì láàárín fáànù àti irin tó ń tu ẹ̀rọ lára. Bí CPU bá gbóná jù, fúnra rẹ̀ ló máa ń dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná, nítorí náà eruku pàápàá ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Mo fi ìka di fáànù mú kó má yí, mo fẹ́ eruku náà jáde, mo sì fi paste tuntun, ìpara tó ń gbé ooru kúrò, sí orí CPU. A fi RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB kún 4GB tó wà níbẹ̀. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L ni o, irú DDR4 ò lè wọ ojú ihò rẹ̀.

Dámilọ́lá, Bàbá tàn án, wọ́n ń nawọ́ mú ìgò ojú wọn, ẹ̀rọ ti ṣe tán. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Òun náà kọ́ nìyí?" Wọ́n wúre fún ìwọ náà níbẹ̀, mo sì bá ọ ṣe àmín.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n máa ṣe defrag sí i, ìyẹn títo fáìlì orí disk jọ, kí wọ́n má gbà. Hard disk ló wà fún. Ó kàn ń jẹ SSD lọ́jọ́ orí ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ Windows 10. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá, 2025, ẹ̀rọ Bàbá ò sì lè gba Windows 11, CPU rẹ̀ ti dàgbà jù fún un. Mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe ààbò tí wọn yóò máa fi ránṣẹ́ títí di Oṣù Kẹwàá 2026. Bó bá parí, Linux Mint, ètò mìíràn tó lè dípò Windows, ni mo fẹ́ fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́, kííbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn á dùn mọ́ Bàbá nínú, wọn kì í fẹ́ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni láìfi àmì sí i.

Gbogbo ohun tí a ná ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó laptop tuntun. Bí o bá ṣì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, owó bátìrì ni kó jẹ́. Nọ́ńbà tó wà lára bátìrì náà ni mo máa yà ní fọ́tò sí ọ lálẹ́ yìí, kí o lè fi wá a lọ́hùn-ún bó bá dínwó ju tibí lọ.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣẹ́gun