Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan mú àlejò yí Abẹ́òkúta ká

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú èdè wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin dé láti Trier, ní Jámánì.

Òun ló sanwó fún mi kí n bá àwọn àlejò mìíràn wọ bọ́ọ̀sì, kí afinimọ̀nà kan fi ọjọ́ kan péré mú wa yí Luxembourg ká. Orílẹ̀-èdè ni o, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ju ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ lọ. Kí obìnrin tó ń mú wa kiri tó sọ ìtàn kankan, ó kọ́kọ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kíni lédè wọn: "Moien." Àwọn arúgbó inú ọkọ̀ dáhùn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Inú mi dùn.

A dé ààfin Vianden lọ́sàn-án, a dé Echternach níbi tí wọ́n sin Willibrord Mímọ́ sí. Wọ́n dára. Àmọ́ òkè Bock ló mú mi lọ́kàn. Àpáta ni, láàárín olú-ìlú wọn, odò Alzette ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1644 ni àwọn ará Spéìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ nítorí ogun. Àwọn tó gba ìlú lẹ́yìn wọn ń gbẹ́ ẹ lọ, títí àwọn ihò abẹ́ ìlú náà fi gùn tó kìlómítà 23. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 1867 ní kí wọ́n wó odi ìlú, síbẹ̀ wọn ò lè wó gbogbo ihò, torí ilé àwọn èèyàn wà lórí rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé, ibẹ̀ ni ará ìlú sá sí tí bọ́ǹbù bá ń já lulẹ̀. Obìnrin náà ní ká dákẹ́, ká fọwọ́ kan ògiri. Ó tutù. Omi bọ́ lójú mi, torí abẹ́ àpáta ni àwọn baba tèmi náà forí pamọ́ sí.

Ìgbà mélòó ni mo ti kó ọmọ lọ sí Olúmọ? Mi ò lè kà á. A ó gùn ún, a ó ya fọ́tò, ó di ilé. Mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n fọwọ́ kan ibi tí àwọn tó bá Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, dé ní 1830 fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìrìn ọjọ́ kan, lédè Yorùbá, pẹ̀lú afinimọ̀nà tó mọ ìtàn. Kí wọ́n fi "Ẹ káàárọ̀" bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gun Olúmọ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n ti ibẹ̀ lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, kí àlejò sì gbọ́ pé ìlú yìí ni ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní "Ìwé Ìròhìn" ti jáde ní 1859, lédè wa, kí ẹnikẹ́ni tó máa tẹ ìwé ìròyìn bíi tiyín. Kí wọ́n jẹ láfún lọ́sàn-án. Kí wọ́n wá parí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú, kí àlejò fọwọ́ ara rẹ̀ ki aṣọ bọ aró.

Mo ti bá olùkọ́ mẹ́ta tí a jọ fẹ̀yìntì sọ̀rọ̀. A ṣe tán láti kọ́ ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ní Sátidé Sátidé. Yàrá tí a ó máa lò ló kù tí a ń wá.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.