Yọ irin yẹn kúrò nínú mọ́tò ẹ

Àjàní ọmọ mi,

Mo ti fẹ́ pè ẹ́ láti àná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá pè ẹ́ wàá kàn máa sọ pé "mo ti gbọ́ Dádì, mo ti gbọ́ Dádì", wàá sì gé fóònù torí pé èrò Bolt ń dúró dè ẹ́, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kí o kà á nígbà tí o bá páàkì.

Ọ̀rọ̀ irin kékeré tí mo rí nínú mọ́tò ẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni. Nígbà tí ò ń gbé wa lọ síbi ìkómọ ní Nyanya, mo ń wò ẹ́ pé o ò so bẹ́líìtì, mọ́tò yẹn ò sì pariwo, Corolla tó yẹ kó ti máa ké kín-kín-kín bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ìgbà tí mo yọjú wo ẹ̀gbẹ́ síìtì ẹ ni mo rí i pé o ti ra irin tí wọ́n fi ń tan mọ́tò jẹ, o ti kì í bọ ihò bẹ́líìtì. Mi ò sọ̀rọ̀ torí ìyàwó ẹ wà níbẹ̀.

Mi ò ṣe bí ẹni mímọ́ o. Ọdún 19 ni mo fi wa takisí aláwọ̀ ewé nínú Abuja yìí, bẹ́líìtì mi ò mọ ihò, mo kàn máa ń gbé e kọ́ èjìká ni, tí mo bá ti rí Road Safety tàbí VIO lókèèrè ní Berger màá fà á kọjá àyà, màá fi ọwọ́ dì í mú nísàlẹ̀, tí mo bá ti kọjá wọn, ó tán. Láti 1988 tí ìjọba ti dá Road Safety sílẹ̀, owó fáìnì nìkan ni èmi ń bẹ̀rù.

Ṣé o rántí ìgbà tí o wà ní Ìlọrin lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí wọ́n ní mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí mi ò lè gbọ́wọ́ sókè nígbà tí mo wá ṣọdún Iléyá lọ́dọ̀ yín? Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ojú ló ń tì mí. Èrò ni mo gbé lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà, a ti kọjá Kwali, màlúù kan ṣàdédé yọ láti inú igbó, mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, mọ́tò dúró, èmi ò dúró. Àyà ni mo fi gbá sitiárìn, egungun èjìká mi kán, eyín méjì tí o mọ̀ pé mo lọ fi àtọwọ́dá dí, ibẹ̀ ni wọ́n bá lọ. Eré 70 ni mo sì ń sá o, kì í ṣe 120 tí ẹ̀yin ń sá ní Kubwa Expressway yìí.

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń bẹ̀ mí láti Gwagwalada pé kí n so tèmi bí òun ṣe so tòun, mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Àyà ẹ̀ kàn wú díẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì ti fún un ni, òun ló dá mọ́tò mìíràn dúró tó gbé mi lọ hospítù. Ẹnjiníà ni. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé Nils Bohlin, ará Sweden kan, ló ṣe irú èyí tó gba èjìká tó tún gba ìdí, lọ́dún 1959 ní Volvo, àti pé Volvo ní kí gbogbo àwọn tó ń ṣe mọ́tò máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ mi ò lè fèsì, ẹnu mi wú. Títí di òní, tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, èjìká yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

O máa ní airbag wà, báàgì afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde tí mọ́tò bá forí gbá nǹkan. Mẹkáníìkì mi ní Apo ní kí n wo SRS tí wọ́n kọ síwájú sitiárìn, pé S àkọ́kọ́ yẹn, àfikún ló túmọ̀ sí, bẹ́líìtì ló ni iṣẹ́. Airbag á ti tú jáde kí o tó ṣẹ́jú, ẹni tí bẹ́líìtì ò dì mọ́ síìtì á fojú lọ pàdé ẹ̀, ó lè pa á. Tòkúnbọ̀ sì ni tìẹ, ta ló mọ̀ bóyá airbag ṣì wà nínú ẹ̀.

Èyí tí mo rò dáadáa ni ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa ọ̀nà Kàdúná, pé tí àwọn ajínigbé bá yọ, bẹ́líìtì ò ní jẹ́ kí o ráyè sá. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mo dán an wò nínú mọ́tò màmá ẹ, mo tẹ bọ́tìnì pupa yẹn, kí n tó ka ení èjì mo ti bọ́ sílẹ̀, èmi tí orúnkún ń dùn. Táyà tó bá bẹ́ kì í dúró kí èèyàn ka ení. Ọ̀nà yẹn náà ni James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kú sí ní oṣù kẹta 2016, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀, táyà ló bẹ́, Road Safety sì ní àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò so bẹ́líìtì. Mínísítà o.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn gan-an tún wà. Kọ́fà tí o rán sí síìtì, ó dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti bo gbogbo ihò bẹ́líìtì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, èrò tó bá tiẹ̀ fẹ́ so ò ní rí i. Ẹni tí ò bá so lẹ́yìn, ara ẹ̀ ló máa fò wá bá ìwọ tí o so níwájú. Sọ fún wọn kí wọ́n so ó, tí wọ́n bá ń kùn, jẹ́ kí wọ́n máa kùn; èmi ò lè gbé èrò tí ò so bẹ́líìtì torí ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n máa fún mi lórí Bolt.

Ìyàwó ẹ ńkọ́, tó ní bẹ́líìtì ń fún ọmọ níkùn? Kó má yọ ọ́, kó fà á lọ sísàlẹ̀ ikùn, lórí egungun ìdí, kí ti òkè gba àárín ọmú. Má jẹ́ kó gba abẹ́ apá o, ìhà ló máa ṣẹ́.

Sátidé tí o bá ń bọ̀ wá gbé wa lọ sọ́jà, ẹ̀yìn ni mo máa jókòó. Gé kọ́fà yẹn kí n tó dé ibẹ̀, tàbí kí n mú sísọ́ọ̀sì dání. Irin yẹn, mú un wá fún mi, mo fẹ́ rí i lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ẹ.

Bàbá ẹ
Kúbwà