Kọ́ìlì ńlá kọ́ ló ń rí nǹkan àtijọ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn.

Birmingham níbí ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀, ditẹ́tọ̀ tí gbogbo ayé ń pè é. Àwọn èèyàn wa kan níbí ti ń fi ṣe fàájì òpin ọ̀sẹ̀, àwọn míì sì fẹ́ rà á ránṣẹ́ sílé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: kọ́ìlì wo ló tóbi jù, èló ni wọ́n ń tà á? Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dùn mí. Kọ́ìlì ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ, òun ni wọ́n ń fì sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀. Wáyà ló wà nínú ẹ̀, iná á gba inú wáyà kan, á rán agbára òòfà wọlẹ̀, tí irin tàbí fàdákà bá wà níbẹ̀ á dá a lóhùn, wáyà kejì á gbọ́, ẹ̀rọ á ké. Kò sí bí owó tẹ́ ẹ fi ra ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó, tí kọ́ìlì ò bá bá ilẹ̀ mu, ẹ kàn ń rìn kiri ni.

Òótọ́ ni pé kọ́ìlì ńlá, bíi ti inṣì 13 tàbí 15, máa ń ríran jìnnà ju kékeré lọ, mi ò jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo lẹ fẹ́ wá nǹkan àtijọ́ lọ? Ibi táwọn ará àtijọ́ gbé ni, àbí? Ibi téèyàn bá sì ti gbé rí, ìṣó, bàtà ẹṣin, ẹ̀wọ̀n, irin ìlẹ̀kùn, pàǹtírí lóríṣiríṣi ló máa kún ibẹ̀, kọ́ìlì ńlá á sì máa gbọ́ gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irin á wá bo fàdákà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ dán an wò lẹ́yìnkùlé yín. Ẹ fi ìṣó ńlá kan sórí koríko, ẹ fi owó fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má ju ìka méjì lọ, kẹ́ ẹ wá fi kọ́ìlì ńlá gba orí ẹ̀ kọjá. Grùù tí irin máa ń dún yẹn nìkan lẹ sábà máa gbọ́. Ó yá, ẹ tú u, ẹ de ti inṣì 5 tàbí 6 mọ́ ọn, ẹ rọra fì í, ẹ má kánjú o: á dún grùù, á sì ké tín-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kíá. Tín-ín yẹn lowó fàdákà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní tí ẹlòmíì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá tí ò mọ̀.

Oríṣi kọ́ìlì méjì ló wọ́pọ̀. Concentric ni èyí tí òbìrí wáyà kan wà nínú òmíì, bó ṣe ń wọlẹ̀ ló ń tín-ínrín sí i, ó dáa fún ilẹ̀ tí ò ní wàhálà, ó sì rọrùn láti fi mọ ojú ibi tí nǹkan wà gan-an. DD ni èyí tí wáyà méjì bíi lẹ́tà D kọ ẹ̀yìn síra tí wọ́n sì gun ara wọn díẹ̀ láàárín, gbọọrọ látiwájú dé ẹ̀yìn ló ń ríran, òun ló sì ń fara da ilẹ̀ tó ní irin nínú fúnra ẹ̀. DD ti nǹkan bí inṣì 11 ló máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, DD kékeré kan ni màá fi kún un, ó tán. Kẹ́ ẹ tó sanwó ṣá, ẹ rí i dájú pé ó bá ẹ̀rọ yín mu torí kọ́ìlì ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti ilé iṣẹ́ míì ṣe, kẹ́ ẹ sì máa ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fọ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó bá kó síbẹ̀ lè máa mú ẹ̀rọ ké lásán.

Ohun tó jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀ kọ́ìlì kékeré yìí ni pé jíjìn kọ́ ló yẹ ká máa lé. Ìlànà tí wọ́n ṣe fáwọn tó ń wá nǹkan ní England sọ ọ́ kedere pé téèyàn bá lè ṣe é, kó máa wá lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, kó má gbẹ́ kọjá ibi tí ọkọ́ kàtàkàtà ń dé. Ìṣúra Staffordshire tí Terry Herbert rí lọ́dún 2009, góòlù bíi kílò 4, inú oko tí wọ́n ti kọ ló wà, kò jìn rárá, wọ́n sì dá iye lé e ní £3.285 mílíọ̀nù tí òun àti onílẹ̀ jọ pín. Mùsíọ́ọ̀mù Birmingham níbí àti ti Stoke-on-Trent ni wọ́n jọ ni ín. Èyí tí mo tún fẹ́ràn jù ni ti Eric Lawes ní Hoxne lọ́dún 1992. Òòlù tó sọnù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ ló ń wá, ló bá kan owó góòlù àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù, bó ṣe rí i pé nǹkan ńlá ni, ó dáwọ́ dúró, ó jẹ́ kí wọ́n pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Torí pé kò hú gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ bí wọ́n ṣe to ẹrù náà sínú àpótí ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Òfin ìṣúra ti 1996 sì sọ pé kẹ́ni tó bá rí irú ẹ̀ sọ fún coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 14, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ilẹ̀ pupa wa kún fún irin fúnra ẹ̀, ìdàrọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ sì wà káàkiri níbi tí wọ́n ti yọ́ irin rí, kọ́ìlì ńlá á kàn máa pariwo ni. Ó tún burú jùyẹn lọ torí pé òfin Nàìjíríà ti 1979 tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀, NCMM, ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń júbà, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kàn wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní British Museum ní Lọndọnu títí dòní. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá rí i nínú gíláàsì yẹn. Téèyàn bá wá fi ditẹ́tọ̀ hú irú ẹ̀ lóru, tó tà á fún oníbàárà kan, a ò ní mọ ibi tó ti wá, a ò ní mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìtàn yẹn lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa wá òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù Ilé-Ifẹ̀ kan kó fèsì nínú ìwé ìròyìn yín: tí bíríkìlà bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lónìí tí ṣọ́bìrì ẹ̀ kan nǹkan, ta ló yẹ kó pè, kí sì ni ìjọba máa ṣe fún onílẹ̀ náà?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Birmingham