Ẹ̀sìn kọ́ ni ẹ̀yà o, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn

Olóòtú,

Ẹ̀kọ ni mò ń mu lọ́wọ́ láàárọ̀ àná tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Bosnia, ní Yúróòpù lọ́hùn-ún, inú bí mi débi pé ẹ̀kọ ọ̀hún tutù. Ibi mẹ́rin lẹ ti pe àwọn tó ń ṣẹ̀sìn Mùsùlùmí níbẹ̀ ní "ẹ̀yà Mùsùlùmí". Ẹ̀yà Mùsùlùmí bíi ti báwo? Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ mọ́ṣáláṣí, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ̀yà wa ti wá di méjì nìyẹn? Bosniak ni wọ́n ń jẹ́.

Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lórí orúkọ yìí, Adil Zulfikarpašić, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Foča, ìlú kan ní Bosnia, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1921, ọmọ olówó ni o, síbẹ̀ ó bá àwọn èèyàn Tito, olórí àwọn Kọ́múníìsì Yugoslavia tí Bosnia wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, wọgbó lọ bá ọmọ ogun Hitler jà, wọ́n fi í ṣe igbákejì mínísítà lẹ́yìn ogun, ìgbà tó rí i pé wọn ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíì ló bá fìlú sílẹ̀ ní 1946, ó di Switzerland. Ìgbà tó padà dé lọ́dún 1990, òun àti Alija Izetbegović, tó wá di olórí Bosnia, jọ dá ẹgbẹ́ òṣèlú SDA sílẹ̀, kò pẹ́ tó fi bínú jáde torí wọ́n ń fẹ̀sìn ṣòṣèlú, ló bá lọ dá ẹgbẹ́ òṣèlú mìíì, MBO, sílẹ̀. (Mo mọ̀ pé Muslim ni M inú ẹ̀, ẹ má fìyẹn mú mi.) Ìbò tí wọ́n rí ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní September 1993, tí ogun ń lọ lọ́wọ́, tí àdó olóró ń bọ́ lu Sarajevo, olú ìlú wọn, àpérò àwọn Mùsùlùmí Bosnia fọwọ́ sí i pé Bosniak lorúkọ àwọn. Ẹ̀yin wá ń pè wọ́n ní ẹ̀yà Mùsùlùmí lónìí!

Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gan-an ò sàn jù yín lọ. Òfin Dayton ti 1995, àdéhùn tó parí ogun wọn, ní ààrẹ mẹ́ta ni kó máa wà, ọ̀kan látinú ẹ̀yà ńlá kọ̀ọ̀kan: Bosniak kan, Serb kan, Croat kan. Júù ńkọ́? Àwọn ẹ̀yà Roma tó ń gbé níbẹ̀ ńkọ́? Ilé ẹjọ́ Yúróòpù ti sọ ní 2009 pé ìyẹn ò dáa, wọ́n ṣe bí ẹni pé etí wọn di, owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Tèmi ni pé kí wọ́n yọ ẹ̀yà kúrò nínú ẹ̀ pátápátá, kẹ́ni tó bá ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn lọ gba fọ́ọ̀mù, kí gbogbo ìlú jọ dìbò kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé, dandan ni kó lọ bẹ ará Banja Luka níbi tí Serb pọ̀ sí, kó bẹ ti Mostar níbi tí Croat pọ̀, kó tún bẹ ti Sarajevo níbi tí Bosniak pọ̀ sí.

Ẹ̀yin náà, ẹ tẹ àtúnṣe. Ojú ewé kejì ni kẹ́ ẹ gbé e sí o, ẹ má lọ fi pamọ́ sábẹ́ ìpolówó bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe.

Òǹkàwé yín látijọ́,
Ìbàdàn