Ẹ kọ́kọ́ mójú tó orúkọ ọmọ yín lórí ìwé, kó tó kan bọ́kẹ́ẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àkókò tí àwọn ọmọ tó jáde ní píráámárì ń múra láti wọ JSS 1 la wà yìí. Ọjà ti kún fún àwọn òbí tó di ìwé ẹrù bọ́dìn mú lọ́wọ́, tí wọ́n ń ná fóòmù, tí wọ́n ń ná bọ́kẹ́ẹ̀tì àti gàrí. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ gbígba ọmọ tuntun wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọ̀rọ̀ kan tá a fẹ́ bá wọn sọ kí owó tó tán lọ́wọ́ wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá fọ́, ẹ lè ra òmíràn lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣì kọ nínú orúkọ ọmọ lè sá pamọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì ló máa tó yọjú.

Ọ̀nà tó ń gbà rìn nìyí. Ohun tí ẹ bá kọ sí fọ́ọ̀mù JSS 1 ló ń wọ inú rẹ́jísítà. Inú rẹ́jísítà yẹn la ti ń mú orúkọ fún BECE, ìyẹn ìdánwò àṣejáde JSS, ní JSS 3, orúkọ náà ló sì máa ń bá ọmọ dé ọ̀dọ̀ WAEC àti NECO, àwọn àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde girama, ní SS 3. JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, kì í bi ilé-ìwé léèrè ní tirẹ̀. Láti 2021 ló ti ń fi NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé rẹ̀ tó ń jẹ́ UTME, ohunkóhun tó bá wà lórí NIN, ìbáà jẹ́ orúkọ, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìbí, òun náà ló máa gbé wá. Bí ìwé WAEC bá wí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí NIN náà wí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọ tó yege dáadáa á máa sáré láàárín kọ́ọ̀tù àti ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba àyè.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, a mọ ibi tí àṣìṣe náà ti ń wá. Èkíní ni lẹ́tà ṣ. Wọn kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà àwọn àjọ wọ̀nyí, nítorí náà bàbá á kọ Ṣọlá ní Sola, ìyá á kọ ọ́ ní Shola. Adesina àti Adeshina, Sade àti Shade: ọmọ kan náà ni lójú tiwa, èèyàn méjì ni lójú ẹ̀rọ. Orúkọ Mùsùlùmí náà ńkọ́? Sulaimon wà, Sulaiman wà. Yusuf wà, Yusuff náà wà. Abdullateef tí wọ́n kọ pọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú Abdul Lateef tí wọ́n là sí méjì, nítorí pé èyí tí wọ́n là sí méjì yẹn, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè gbé Lateef lọ sí àyè orúkọ àárín. Oluwaseun á wà lórí ìwé kan, Seun lásán á wà lórí èkejì. Èyí tó ń fa wàhálà jù ni orúkọ ìdílé. Ẹ̀gbọ́n méjì á máa jẹ́ orúkọ bàbá àgbà, àbúrò wọn á máa jẹ́ orúkọ tí bàbá wọn gan-an ń jẹ́, kìkì nítorí pé ẹlòmíràn ló mú un lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Àyè tí wọ́n bá kọ Surname sí, orúkọ ìdílé nìkan ló ń gbé ibẹ̀, ìlà kan náà sì ni gbogbo ọmọ inú ilé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin òbí ìbejì, ẹ fara balẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ. Ọjọ́ ìbí kan náà, orúkọ ìdílé kan náà, ojú tó jọra nínú fọ́tò: kò ṣòro rárá kí NIN Táíwò bọ́ sórí fọ́ọ̀mù Kẹ́hìndé. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù ẹnì kan tán pátápátá, ẹ kó gbogbo ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kẹ́ ẹ tó ṣí ti èkejì.

Ti ọjọ́ ìbí náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kọ 04/09, ẹnì kan á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ẹlòmíràn á kà á sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin. Ẹ kọ orúkọ oṣù jáde ní lẹ́tà. Àwọn òbí mìíràn sì wà tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ kó lè tètè wọ girama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. JAMB ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 16 kó tó lè gba àyè. Ọmọ tó wọ JSS 1 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án kò ní tíì pé 16 nígbà tó bá ń jáde ní SS 3. Ọjọ́ ìbí tí ẹ ti fi ọwọ́ yín yí kò ní bá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ mu. Nínú gbogbo àtúnṣe tí NIMC ń ṣe sí NIN, ti ọjọ́ ìbí ló wọ́n jù, ó ti ju 20,000 náírà lọ, wọn ò sì ní ṣe é láìsí ìwé Àjọ Elétò Ìkànìyàn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí Àjọ Elétò Ìkànìyàn, ìyẹn NPC, ń fúnni. Káàdì tí ọsibítù fún ìyá lọ́jọ́ ìbímọ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnni lọ́jọ́ ìsàmì náà kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ káàdì ọsibítù yẹn nù o, òun lẹ máa mú lọ fi hàn ní ọ́fíìsì NPC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ìwé NPC ni kẹ́ ẹ wá mú lọ gba NIN fún ọmọ tí kò bá tíì ní in. Òbí gbọ́dọ̀ mọ NIN tirẹ̀, torí wọ́n á so ti ọmọ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kó yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ fi ìka tọ orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé NPC lọ́wọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú nítorí pé èrò pọ̀ lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Tí ẹ bá délé, ẹ mú ìwé kan ṣoṣo, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ìlà mẹ́fà sí i: orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí pẹ̀lú oṣù ní lẹ́tà, nọ́ńbà NIN mọ́kànlá náà, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá. Ẹ fi sí iwájú fáìlì ọmọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù fún ọmọ yẹn, àbúrò bàbá ni o, olùkọ́ ni o, inú ìwé yìí ni kó ti dà á kọ. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń kọ ọ́ látorí.

Tí ẹ bá ti rí i pé ìwé ẹ̀rí píráámárì kò bá ti NPC mu, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ní ìpele yìí, lẹ́tà kan sí ọ̀gá ilé-ìwé píráámárì pẹ̀lú fọ́tókọ́pì ìwé NPC sábà máa ń tó. Tó bá di ìgbà tí WAEC ti tẹ ìwé ẹ̀rí, owó ni, àfidéfíìtì ni, àkókò náà sì lè má sí mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú ìwé bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú ojúlówó àti fọ́tókọ́pì méjì méjì dání. Ojúlówó, wíwò la máa wò ó. Ẹ gbà á padà kẹ́ ẹ tó kúrò lórí ìjókòó. Ilé-ìwé tó bá ní kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Ní ti owó, inú àkáǹtì ilé-ìwé ló ń lọ, kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba tiwọn lórí Remita, ìyẹn ètò ìsanwó orí ẹ̀rọ ayélujára. Gbogbo rìsíìtì ni kẹ́ ẹ kó sínú fáìlì yẹn náà títí ọmọ á fi jáde.

Ẹ má tíì ra ìwé kíkà o. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2025/2026, iye ẹ̀kọ́ (sọ́bújẹ́ẹ̀tì) tí ọmọ máa ń ṣe ní JSS ti dín kù sí 12 sí 14, ti SS sì jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè má wúlò mọ́. Ẹ dúró gba ìwé tí ilé-ìwé bá kọ fún yín. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ bá ń bọ̀ wọ SS 1, kó fi èyí kún un: WAEC ń béèrè máàkì ìgbéléwọ̀n láti SS 1, kì í ṣe SS 3 nìkan. Ọmọ tó bá sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ tó ń ṣe láti SS 1. Ẹ má gbé e lọ sí kíláàsì áàtì nítorí ìbẹ̀rù ìṣirò kó tó wá yí ọkàn padà ní SS 2.

Ó wá kan ẹrù bọ́dìn. Ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì, tàbí kẹ́ ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra fóòmù. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tó wọ́pọ̀ ń gba fóòmù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní méjì àbọ̀. Ínṣì mẹ́rin ti tó fún nínípọn rẹ̀. Fóòmù tó bá ga jù máa ń gbé ọmọ tó ń sùn lókè kọjá irin ìdábùú tó yẹ kó dá a dúró, bó bá ti yí lójú oorun, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Àgádágodo tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà: ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún olùtọ́jú ilé, ọ̀kan nílé. Ọmọ tó bá sọ ẹyọ kan tó ní nù, wọ́n á já àgádágodo rẹ̀, àpótí rẹ̀ á sì wà ní ṣíṣí títí di ọjọ́ àbẹ̀wò.

Orúkọ tí ẹ fi bírò kọ sára aṣọ, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi òwú rán an sínú ọrùn aṣọ àti sínú ìbàdí ṣòkòtò, kó sì fi ínṣì méjì pamọ́ sí ìṣẹ́po ìsàlẹ̀, torí ọmọ ọdún mọ́kànlá ń ga. Ní ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ sí ara rẹ̀ lóde àti sí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á á ha ti òde kúrò, kì í sábà rántí ìdí. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ike dáadáa, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí tí kò fi dán mọ́. Inú ike tó ní ìdérí líle ni kí gàrí àti ṣúgà wà, ọ̀rá kò lè dá eku dúró. Ẹ kó ìdajì wá báyìí, kẹ́ ẹ mú ìdajì tó kù wá lọ́jọ́ àbẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ ìlera kì í ṣe ohun àṣírí sí ilé-ìwé. Ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹnotáìpù. Tí jẹnotáìpù ọmọ bá jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún métírọ́ọ̀nì, fún olùtọ́jú ilé àti fún olùkọ́ kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òtútù òwúrọ̀, ìwẹ̀ omi tútù tàbí iṣẹ́ oko nínú oòrùn jẹ ẹ́ níyà. Kó máa mu omi dáadáa. Oògùn ojoojúmọ́ ń lọ sọ́wọ́ métírọ́ọ̀nì pẹ̀lú ìwé tó sọ iye àti àsìkò tó máa lò ó. Ìnhélà ọmọ tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọmọbìnrin tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ fi páàdì sínú ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú pátá dúdú méjì, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó nílé. Kó má jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ bọ́dìn ló ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ẹ̀rù sì bà á.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lọ, kí ọmọ máa fọ aṣọ ara rẹ̀, kó sì máa fi ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wẹ̀ tán. Kó mọ nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì sórí láìwo ìwé. Kó mọ àgbàlagbà kan nínú ọgbà ilé-ìwé tó lè sáré tọ̀ bí àwọn sẹ́níọ̀ bá ń gba oúnjẹ rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń lù ú. Ẹ mú ọmọ lọ kí onítọ̀hún lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un wọlé.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan la fi ń parí lẹ́tà yìí. Tí àyè bá wà nínú ìwé ìròyìn yín kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ bá wa tẹ ìlà mẹ́fà yẹn síbẹ̀ ní òfìfo, kí àwọn òbí lè gé e, kí wọ́n kọ ọ́ dí, kí wọ́n sì fi sínú fáìlì ọmọ.

Àwa ni,
Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan,
Ìbàdàn.